Oríkì Àárọ̀ Sátidé

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibi iṣẹ́ mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo kúnlẹ̀ kí ọ̀gá mi. Mi ò tilẹ̀ rò ó; orúnkún mi ló lọ fúnra rẹ̀. Líńdà, ọ̀gá mi, rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ wá abẹ́ tábìlì kiri, ó ń bi mí pé ṣé yẹtí ni àbí kọ́kọ́rọ́. Àwa méjèèjì jọ ń wá ohun tí kò sọnù. Nígbà tí mo wá ṣàlàyé pé mò ń kí i ni, ojú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì, ó ní kí n jọ̀wọ́ dìde, kí n sì máa pe òun ní Líńdà lásán. Obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó màmá mi! Ó pẹ́ kí orúkọ yẹn tó lè jáde lẹ́nu mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ wúkọ́.

Iléeṣẹ́ aláàánú ni. À ń pe àwọn èèyàn lórí fóònù pé kí wọ́n dá owó fún àwọn arúgbó tó ń dá gbé. Ìyẹn tún yà mí lẹ́nu. Mo bi Líńdà pé àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Ó ní àwọn ọmọ wà. Ó ní ọ̀nà ló jìn sí wọn. Èmi náà ti fi màmá tèmi sílẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún, ọ̀nà sì ti jìn sí mi.

Líńdà kì í fẹ́ kí á bẹ̀bẹ̀ títí omi á fi bọ́ lójú ẹni tí à ń bẹ̀. Ó ní bí àánú bá ṣe èèyàn lónìí, ó lè má ṣe é mọ́ lọ́la, àmọ́ ohun tó bá ti mọ́ èèyàn lára, kò ní fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó kọ́ mi pé kí n wá ohun tí ẹni náà máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ láìronú, bíi tíì àárọ̀ tàbí kó mú ajá rẹ̀ rìn jáde, kí n wá so ọrẹ náà mọ́ ọn. Kí ọrẹ náà kéré débi pé kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá sì ti ṣe é tán, kí inú rẹ̀ dùn lójú ẹsẹ̀, kí ara rẹ̀ lè máa wá adùn yẹn kiri. Ó ní ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ti ń ṣe iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Mo ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá nìyẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bí a ṣe ń kọ́ ara wa ni.”

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àmọ́ ìkíni mi máa ń gùn jù fún wọn. Bàbá arúgbó kan wà tí orúnkún ń dà láàmú. Bí mo bá pè é, màá kọ́kọ́ béèrè orúnkún ná, màá béèrè ológbò rẹ̀, màá béèrè bí ó ṣe sùn, màá sì máa tẹrí ba bí ẹni pé ó ń rí mi. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa fi mí ṣẹ̀rín. Àmọ́ bàbá yẹn ò dá ọrẹ rẹ̀ dúró rí. Nígbà tó yá, Líńdà ní kí àwọn yòókù wá gbọ́ bí mo ṣe ń béèrè orúnkún. Lọ́jọ́ náà, mo ra adìyẹ odindi kan fún ara mi, mo sì dín in.

Ibi tí nǹkan ti le ni àárọ̀ Sátidé. Nílé wa ní Ìlá, àárọ̀ Sátidé kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Ìgbálẹ̀ á ti máa dún lágbàlá, ẹnì kan á máa pe ẹnì kan láti ojúlé kejì, adìyẹ á máa sá fún ọmọdé. Níbi tí mo wà yìí, bí mi ò bá tan rédíò, kẹ́tù nìkan ni màá gbọ́. Orúkọ mi pàápàá, wọ́n ti gé e kúrú níbi iṣẹ́, wọ́n sì ti yọ gbogbo orin inú rẹ̀ kúrò. Bí wọ́n bá pè mí, mo máa ń dáhùn, àmọ́ ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń dáhùn fún ẹlòmíràn. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Odindi ìlú ńlá, kò sí ẹnì kan tó mọ oríkì mi.

Àárọ̀ Sátidé kan báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àwọn ló wà ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà ní Abà Ọ̀dán, abúlé àwọn oníṣu àti oníkòkó tó wà lọ́nà Òkè-Ìlá.

“Àwọn ará káńsù wá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Wọ́n ní ibi tí kò lómi kì í ṣe ibi tó yẹ kí wọ́n ti máa gbẹ̀bí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ bá tún bá wa báyìí, wọn á tì í.”

“Àwọn aboyún ńkọ́?”

“Kí wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Ìlá. Ìwọ náà kúkú mọ ojú ọ̀nà yẹn. Ẹni tí kò tíì tó àkókò tí yóò rọbí, á rọbí kó tó débẹ̀.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo wá rí i pé èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín. Kànga ibẹ̀ máa ń gbẹ tí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn ẹbí aboyún ló sì máa ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi láti odò kí ọmọ tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbẹ̀bí fún ìdajì àwọn ọmọ tó ń sáré kiri ní abà náà. Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, n kò mọ ohun tí wọn yóò máa fi ọwọ́ wọn ṣe. Mo ṣèlérí pé èmi yóò wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹgbẹ́ ọmọ Ìlá wà nílùú tí mò ń gbé. A ò pọ̀, àmọ́ ariwo wa pọ̀. Bọ̀dá Gbádé ni alága. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà, ohùn wọn náà sì tó ohùn bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí dé ìpàdé, kíá ni Bọ̀dá Gbádé dìde, wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n ní àwọn nìkan yóò gbẹ́ bóòhóòlù náà. A pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn dìde, ó ní òun ló ni táǹkì. A tún pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kẹta ní òun ló ni ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi, ó sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ búra. Kí á tó jẹ ìrẹsì tán, a ti gbẹ́ omi tó lè tó gbogbo Ìgbómìnà mu, lórí ahọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pe Bọ̀dá Gbádé. Fóònù dún títí, wọn ò gbé e. Mo pe oní-táǹkì, ó ní òun wà nínú ìpàdé. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n ń pa o. Lójú agbo yẹn, tọkàntọkàn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí owó ilé bá dé, tí owó iná bá dé, tí àwọn tó wà nílé bá pè pé ọmọ fẹ́ wọ yunifásítì. Ìlérí ńlá ti tóbi ju agbára lọ, ojú sì ń ti ẹni tó ṣe é láti mú kékeré wá.

Mo wá rò ó pé kí ni mò ń kọ́ lọ́dọ̀ Líńdà látìgbà yìí? Gbogbo wa la máa ń pe ilé láàárọ̀ Sátidé. Ìyẹn ti mọ́ wa lára, kò sí ẹni tó ń rán wa létí. Mo sọ fún ẹgbẹ́ pé bí èèyàn bá ti gbé fóònù láti pe ilé, kó kọ́kọ́ fi owó tó lè ra tíì kan ṣọwọ́ sí àpò ẹgbẹ́. Kò sí ìdìde, kò sí ìpàtẹ́wọ́. Mo ní kí á má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni rárá, kí ojú má baà ti ẹni tí kò ní. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Líńdà, ó ní ó dára gan-an. Àyà mi wú.

Sátidé àkọ́kọ́, ó lọ dáadáa. Èkejì náà ò burú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń dínkù, ó ń dínkù, títí ó fi ku èmi àti obìnrin kan tí mo fura pé ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ń bọ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì Bọ̀dá Gbádé bá wọn lọ dé ìdíkọ̀ tó gbẹ̀yìn, torí pé níbẹ̀, kò sí bí wọn ò ṣe ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mi.

“Àbúrò, ètò rẹ ò burú,” ni wọ́n wí, tí wọ́n ń nu gíláàsì iwájú. “Àmọ́ bí ìgbà tí mo ń ju nǹkan sínú kòtò ló rí. Kò sẹ́ni tó kí mi. Àdúrà dà? Nílé wa, bí mo bá fún ọmọ ọlọ́mọ ní búrẹ́dì, ìyá rẹ̀ á kí mi títí n óò fi dé ìta. Ìwọ, báńkì lo ní kó máa kí mi.”

Òótọ́ ni. Mo ti so ọrẹ mọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, mo sì ti jẹ́ kó kéré. Adùn tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni mi ò fi sí i. Ará ìlú òyìnbó lè fún ni ní ìkọ̀kọ̀ kí inú rẹ̀ sì dùn, Líńdà á fi káàdì ránṣẹ́ sí i, ó parí. Àwa ń fẹ́ kí ẹnì kan ṣí ẹnu kí ó kí wa. Mo padà sílé láìmọ ohun tí màá ṣe.

Màmá mi wà nínú gúrúùpù ẹgbẹ́ lórí fóònù. Èmi ni mo fi wọ́n sí i, kí wọ́n lè máa fún wa níròyìn Abà Ọ̀dán. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fóìsì ni, pé kí wọ́n tẹ fóònù mọ́lẹ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí i, kí wọ́n sì yọwọ́ kí ohùn wọn lè lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Gúrúùpù ni wọ́n tẹ̀.

“Àdùnní! Àdùnní ọmọ mi, ọmọ Ìlá, ọmọ tí mo pọ̀n tí kò jẹ́ kí n rí ilẹ̀ gbá. Ṣé o ti jí? Ṣé o ti jẹun? Má fi búrẹ́dì gbígbẹ tan ara rẹ jẹ o. Ẹ̀wù tó nípọn tí mo ní kí o rà, ṣé o ti rà á? Ara rẹ kì í gba òtútù láti kékeré. Títí o fi wọ iléèwé lo ṣì ń tọ̀ sórí ẹní mi lásìkò ọyẹ́. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú ẹ. Àdùnní, èmi ìyá rẹ ni mò ń pè ọ́ o.”

Bí mo ṣe rí ibi tí fóìsì náà bọ́ sí, mo ju fóònù sórí ibùsùn bí ẹni tó gbá iná mú. Gbogbo ọmọ Ìlá tó wà nílùú náà ti gbọ́ pé atọ̀lé ni mí. Mo pe Màmá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ pa á rẹ́. Wọ́n ní, “Pa kí ni?”

Nígbà tí mo fi máa padà sí gúrúùpù, Àlàájì kan, àgbà ọkùnrin tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ti kọ̀wé pé, “Màmá, Àkànní náà ti jẹun o.” Obìnrin kan ní, “Ẹ gbà mí, Àbẹ̀ní ò tíì jẹun.” Ẹlòmíràn ní Àlàó ti ra ẹ̀wù tó nípọn. Màmá ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n sì kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bá Àkànní sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe kékeré, wọ́n bá Àbẹ̀ní wí pé kó lọ gbé nǹkan kaná. Ìgbómìnà ni wọ́n ń sọ, Ìgbómìnà ilé, èyí tí èèyàn kì í gbọ́ lórí rédíò tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbẹ̀ní sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnì, òun ń sunkún, òun sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, láìjẹ́ pé mo béèrè, owó bẹ̀rẹ̀ sí wọ àpò ẹgbẹ́.

Ẹ ò rí bí inú mi ṣe dùn tó. Mo pe Màmá lójú ẹsẹ̀. “Màmá, a ti rí i! Ẹ máa kí wọn báyìí ní gbogbo Sátidé. Àmọ́ ẹni tó bá ti mú nǹkan wá nìkan ni kí ẹ máa kí. Màá máa fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí yín.”

Màmá bi mí pé, “Ẹni tí kò rí mú wá ńkọ́?”

“Ẹ fi í sílẹ̀. Yóò wá a.”

“Àdùnní, ṣé kí n máa ta oríkì ọmọ ọlọ́mọ ni? Ẹni tí kò rówó lọ́sẹ̀ yìí gan-an ló yẹ kí n kí. Gbogbo wọn ni màá kí. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wá ẹlòmíràn.”

Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè wá. Mo gbà. Mo ṣàlàyé fún Líńdà, ìtìjú sì mú mi díẹ̀, torí pé ìkíni ń ṣáájú ọrẹ báyìí, ẹni tí kò fún wa ní nǹkan kan náà sì ń jẹ adùn rẹ̀. Líńdà ronú. Ó ní kí n fi Màmá sílẹ̀, kí á wò ó. Ó wá bi mí bóyá Màmá lè fún òun náà ní ọ̀kan. Àbẹ̀kẹ́ ni Màmá sọ ọ́, wọ́n ní ẹni tó ń bá àwọn arúgbó bẹ èèyàn, ó yẹ kí a bẹ òun náà kí a lè kẹ́ ẹ. Líńdà kọ ọ́ sára ife tíì rẹ̀. Kò lè pè é dáadáa, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá mú ife yẹn, ìjà ni.

Látìgbà tí Màmá ti ń kí wa, Bọ̀dá Gbádé nìkan ni kò tíì mú nǹkan kan wá. Sátidé kan ni wọ́n pè mí, inú ń bí wọn.

“Kí ni mo fi ṣe Màmá? Gbogbo yín ni wọ́n ń kí ní Àjàní, ní Àlàkẹ́. Bó bá kàn mí, wọn á ní Gbádé, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń pè!”

“Bọ̀dá, kí ni oríkì yín?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n wí, ohùn wọn sì ti kéré. “Ìyá mi ló máa ń pè é. Mi ò tíì gbọ́n nígbà tí wọ́n kú.”

Mo sọ fún Màmá. Wọ́n wé gèlè, wọ́n lọ sí agbo ilé Bọ̀dá Gbádé, wọ́n lọ bá àbúrò bàbá Bọ̀dá, ìyá àgbà tó ti ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ tó bí. Ìyá àgbà náà ò gbàgbé èyí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá gbé ohùn sókè ní gúrúùpù: “Àyìnlá! Àyìnlá ọmọ Ìlá, àwọn ará ilé yín ní kí n kí ọ. Wọ́n ní o ti pẹ́ jù.”

Bọ̀dá Gbádé ti jókòó sórí bọ́ọ̀sì, wọ́n fẹ́ ṣí i. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn tún tẹ̀ ẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, pé òyìnbó kan kanlẹ̀kùn bọ́ọ̀sì títí, àwọn ò dá a lóhùn. Wọ́n fi owó tíì kan ṣọwọ́ sí ẹgbẹ́. Alága tó fẹ́ nìkan gbẹ́ bóòhóòlù lójú agbo, owó tíì kan péré, ojú ò sì tì wọ́n. Sátidé kejì, wọ́n tún ṣe é. Wọn kì í ṣí bọ́ọ̀sì mọ́ láìjẹ́ pé Màmá ti kí wọn.

A ń fi owó tíì yẹn san owó àwọn agbẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọyẹ́ kò sì tíì fẹ́ tí wọ́n fi kan omi ní Abà Ọ̀dán. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù dání kí n lè wò ó. Wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi tú sí wọn láyà, àwọn obìnrin abà ń hó, aboyún kan tí wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́ dìde, ó ń jó. “O rí i?” ni ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo. “O rí i?” Mo rí i. Àwọn ará káńsù wá, wọ́n bu omi mu, wọ́n lọ. Wọn ò mẹ́nu ba títi ibẹ̀ pa mọ́. Mo sọkún bí ọmọdé, mo sì kọ̀wé sí gúrúùpù pé ó ti parí, pé kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu mọ́, pé a dúpẹ́.

Sátidé dé. Mo jí, mo gbé kẹ́tù kaná, mo jókòó sí etí ibùsùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Tíì mi tutù. Mi ò mọ ohun tí mò ń dúró dè, títí Bọ̀dá Gbádé fi kọ̀wé sí gúrúùpù pé, “Màmá dà? Èrò ti kún, bọ́ọ̀sì mi ò tíì lè lọ.” Àkànní béèrè. Àbẹ̀ní ní ebi ń pa òun. Nígbà tí mo wo àpò ẹgbẹ́, owó tíì ti ń wọlé níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹni tó béèrè, láìsí ẹni tó kí wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ yìí, mo rò pé èmi ni mò ń fi nǹkan mọ́ wọn lára. Ó ti mọ́ èmi gan-an lára ju gbogbo wọn lọ.

Mo pe ilé.

“Màmá, ẹ ò kí wa.”

“Ṣebí omi ti yọ? Ṣebí ìwọ lo ní ó ti parí?”

“Omi ti yọ, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí wa.”

Mo gbọ́ ìgbálẹ̀ lágbàlá, mo gbọ́ adìyẹ tó ń sá fún ọmọdé. Màmá sì gbin díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń gbin tí wọ́n bá ń jókòó.

“Àdùnní,” ni wọ́n wí, “ṣé o ti jẹun?”